Ibi Tí Oúnjẹ Bíróílà Ń Wọ̀ Sí

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí òwe yìí lójúkojú, kó lọ wo agbo bíróílà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kankan kò kú nínú wọn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń rìn káàkiri. Kó wá gbé ogún nínú wọn sórí ìwọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á wúwo bó ṣe yẹ, èkejì á fúyẹ́ bí ẹyẹlé, bẹ́ẹ̀ inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun láti ọjọ́ kìíní. Níbo ni oúnjẹ èyí tó fúyẹ́ wọ̀ sí?

Ìbéèrè yẹn ni kì í sábà wá sọ́kàn wa. Ohun tí ń kó wa láyà jẹ ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti òkú adìyẹ láàárọ̀. Lójú tèmi, ibi tí kòkòrò inú ìfun ti ń jẹ olósìn lówó jù ni inú àpò oúnjẹ, kì í ṣe inú òkú adìyẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bíróílà tó ń ṣe dáadáa máa ń jẹ nǹkan bíi kílò 1.7 oúnjẹ kó tó fi kílò kan kún ara. Kó tó wọn kílò 2, ó ti jẹ kílò 3.4. Bí ìfun rẹ̀ bá bàjẹ́ díẹ̀, tí 1.7 yẹn di 1.9, ó ti di kílò 3.8. Gíráàmù 400 ni ìyàtọ̀ lórí adìyẹ kan. Lórí adìyẹ 1,000, kílò 400 ni, ìyẹn àpò oníkílò 25 mẹ́rìndínlógún. Ẹ fi iye àpò oúnjẹ ní ọjà yín sọ ọ́ di owó, kí ẹ wá wò ó bóyá iye adìyẹ tó kú nínú agbo yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pàdánù adìyẹ mẹ́wàá á ké gbàjarè; ẹni tó pàdánù àpò mẹ́rìndínlógún á ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ló rẹ́ òun jẹ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa, ẹ jẹ́ ká tú ìfun adìyẹ palẹ̀. Oúnjẹ kúrò ní àpò ọ̀fun, ó dé iwe, iwe sì lọ̀ ọ́ kúnná. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ìfun òkè, èyí tó ká kọ́rọ́ bí ìkọ́, tó gbá ẹran funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ àárín. Ìfun àárín tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí kókó kékeré kan: àpá ibi tí pupa ẹyin ti ń wọlé fún òròmọdìyẹ kó tó pa nìyẹn, àmì rere sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó dé nínú ìfun. Ìfun ìsàlẹ̀ ló kàn, àti àpò ìfun méjì tó nà jáde bí ìka, tí orí wọn dí. Ìfun aláìjá ni màá máa pè wọ́n.

Ẹni tó bá ti fọ ṣàkì rí ti mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa ń ní irun wẹ́wẹ́. Ìfun adìyẹ náà ní tirẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ kéré púpọ̀. Irun yìí ló ń sọ ìfun tín-ín-rín di pápá gbalasa tí oúnjẹ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ìdí irun ni kòtò wà tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń hù; wọ́n á máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ti gbó á sì máa já dànù láti orí irun, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí nǹkan bá ń ba ìfun jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń san owó rẹ̀: oúnjẹ kò wọlé dáadáa, èyí tó sì ráyè wọlé, àtúnṣe ìfun ló ń bá lọ dípò ẹran àyà àti itan.

Olórí àwọn tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni èyí tí àwa olósìn ń pè ní kọ́ksì, tí orúkọ rẹ̀ gùn nínú ìwé: coccidiosis. Eimeria ni orúkọ kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á. Inú ìgbẹ́ adìyẹ ni ẹyin rẹ̀ ti ń jáde. Mo pè é ní ẹyin kó lè yé wa ni o, ojú lásán kò lè rí i. Bó ṣe ń jáde yẹn, kò tíì lè ṣe adìyẹ kankan ní nǹkan, torí kò tíì gbó. Ohun mẹ́ta ló ń mú un gbó: ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ooru díẹ̀. Bí ooru bá wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 30, ọjọ́ kan sí méjì ti tó o. Ẹ wo iye yẹn dáadáa: ojú ọjọ́ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìkòròdú gan-an ni. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ooru, a kò sì gbọ́dọ̀ dí afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin nìkan ló kù sí ìkáwọ́ wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Inú ẹyin tó ti gbó, àpò kéékèèké mẹ́rin ló wà, ọmọ méjì sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Adìyẹ tọ ilẹ̀, ó gbé e mì. Iwe fọ́ èèpo rẹ̀, omi òróòro àti omi tó ń yọ́ oúnjẹ sì tú ọmọ mẹ́jọ náà sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun kan, ó pín, ó pọ̀, ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà jáde, àwọn tó jáde sì tún wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, wọ́n á di akọ àti abo, ẹyin tuntun á sì bá ìgbẹ́ jáde. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ọjọ́ mẹ́rin sí méje lọ. Ẹyin kan ṣoṣo lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ kìíní fi máa ń dùn, tí ọ̀sẹ̀ kejì kò fi níṣòro, tí ilé adìyẹ á wá dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, lábẹ́ ìmumi tó ń jò.

Oríṣi Eimeria méje ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ lára adìyẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló sábà ń da bíróílà láàmú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àdúgbò tirẹ̀. E. acervulina ń gbé ìfun òkè. Kì í mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ìlà funfun wẹ́wẹ́ ló ń fà sí ìfun ní ìbú, bí àtẹ̀gùn àkàbà. Èyí ni olè tó ń kó àpò mẹ́rìndínlógún yẹn lọ láìsí ariwo, torí ìfun òkè ni iṣẹ́ gbígba oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ofeefee tí àgbàdo pupa ń fún ẹsẹ̀ àti awọ bíróílà, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣì funfun lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ àgbàdo pupa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe fojú fò ó dá. E. maxima wà ní ìfun àárín. Ó ń jẹ́ kí ìfun wú bí bàlúùnù, ikun tó dà bí omi ọsàn á wà nínú rẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó. E. tenella ni gbogbo ayé mọ̀. Inú ìfun aláìjá méjì yẹn ló wà, òun ló ń mú ìgbẹ́ pupa wá, adìyẹ sì máa ń kú ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹfà tó ti gbé ẹyin rẹ̀ mì. Òkìkí E. tenella ló jẹ́ ká gbàgbé àwọn méjì yòókù. Olósìn tó ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kó tó gbà pé kọ́ksì wà nílé ti jẹ gbèsè tipẹ́.

Ìbàjẹ́ kọ́ksì kì í sì í dúró lórí ara rẹ̀. Níbi tó ti ya ìfun, omi ara tó kún fún èròjà amúaradàgbà ń jò wọ inú ìfun, ìfun náà á sì máa da ikun bò ó. Clostridium perfringens, bakitéríà kan tó ti ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìṣe nǹkan púpọ̀, rí àsè tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí. Á pọ̀ yányán, á tu oró, ògiri ìfun á sì kú. Bí ẹ bá la irú ìfun bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, á tètè ya lọ́wọ́, inú rẹ̀ á rí ṣágiṣàgi bíi táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó dọ̀tí, òórùn rẹ̀ á sì burú. Necrotic enteritis nìyẹn. Adìyẹ tó jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́ lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹja lílọ̀ tí a fi kún oúnjẹ jù tún ń ran bakitéríà yìí lọ́wọ́. Lílo oògùn apabakitéríà láìṣe nǹkan sí kọ́ksì dà bí ẹni ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi tí kò dí ihò rẹ̀.

Ó wá kan ilẹ̀ ilé adìyẹ, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Èérún pákó ni ọ̀pọ̀ wa ń tẹ́. Kó nípọn tó íńṣì méjì sí mẹ́rin, kó sì gbẹ kó tó wọlé. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó kúnná ju èérún lọ kò dára fún òròmọdìyẹ: wọ́n á máa ṣà á jẹ, eruku rẹ̀ á sì máa dí wọn nímú. Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù jù kò gba ẹ̀rọ: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín ilé, ẹ fún un mọ́ ọwọ́, kí ẹ sì la ọwọ́. Bó bá fọ́n ká díẹ̀díẹ̀, ó dára. Bó bá di ìṣù tí kò tú, ó ti tutù jù. Bó bá gbẹ débi pé kò lẹ̀ mọ́ra rárá, tí eruku ń sọ, ẹ bu omi wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ bu láti ibi mẹ́ta ó kéré tán: abẹ́ ìmumi, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí òjò ń fẹ́ sí, àti àárín ilé. Ibi tí olówó máa ń bu láti fi han àlejò kọ́ ni o.

Abẹ́ ìmumi ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ksì. Ìmumi onígo tí a gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń dà bí adìyẹ bá ti gbára lé e, ẹsẹ̀ wọn á sì máa ju ìgbẹ́ sínú rẹ̀. Kí ètè ìmumi ga tó ẹ̀yìn adìyẹ, kí ẹ sì máa gbé e sókè lọ́jọ́ méjì-méjì, bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ lè gbé e lé orí àwọ̀n onígi kékeré, kí omi tó bá dà bọ́ sábẹ́ àwọ̀n níbi tí ẹnu wọn kò lè dé. Ibi tó bá ti tutù, ẹ kó o jáde lọ́jọ́ náà, ẹ fi tuntun dí i; ẹ má ṣe rò ó mọ́ gbígbẹ, torí bí ẹ ṣe ń rò ó ni ẹ ń pín ẹyin kọ́ksì káàkiri ilé.

Iye adìyẹ nínú ilé náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Adìyẹ mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí mítà kan níbùú lóròó ti tó nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi mẹ́rìnlá síbẹ̀, ìgbẹ́ wọn, omi wọn àti èémí wọn á ju ohun tí èérún pákó lè fà mu lọ. Ìgbà ọdún Kérésìmesì ló máa ń burú jù. Òròmọdìyẹ tí a kó wọlé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ló ń bọ́ sí ọjà ọdún, gbogbo ayé ló sì fẹ́ kó púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún wọn á wá bọ́ sínú òjò àkẹ́yìn. Ilé há, ilẹ̀ tutù, tapólì sì bo ẹ̀gbẹ́ ilé nítorí òjò. Ẹ ká tapólì náà sókè ní kété tí òjò bá dá, kódà kó jẹ́ fún wákàtí méjì péré.

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ olómi ni kọ́ksì o. Iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, pàápàá láti inú ẹja lílọ̀ tí wọ́n ti lú mọ́ iyọ̀, máa ń mú kí adìyẹ mumi kó sì yàgbẹ́ olómi. Ooru ọ̀sán náà ń fà á. Gumboro, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ń mú ìgbẹ́ funfun wá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú kọ́ksì. Àwọn méjèèjì tún lè jọ wà, torí Gumboro ń pa ọmọ-ogun ara tó yẹ kó bá kọ́ksì jà. Ẹni tó bá ń bu oògùn lu oògùn láìla adìyẹ wò, àfọ́jú tó ń ta ọfà ni.

Bí a ṣe ń là á wò nìyí. Ẹ má ṣe lo òkú àná. Láàárín wákàtí díẹ̀ ìfun òkú adìyẹ ti ń jẹrà, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí àrùn. Ẹ mú mẹ́ta sí márùn-ún tó wà láàyè, tó jẹ́ irú èyí tó pọ̀ jù nínú agbo, kì í ṣe èyí tó ti ń kú lọ nìkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, ẹ fa ìfun jáde láti iwe dé ìdí, ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí pákó. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó la inú: ìlà funfun àti ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó máa ń hàn láti ìta. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ìfun òkè, kí ẹ wo ìlà bí àkàbà. Ẹ la àárín láti òkè kókó yẹn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ ikun. Ẹ la ìfun aláìjá méjèèjì. Ìfun aláìjá tó dára ní ohun tó rí bí ṣokoléètì rírọ̀ nínú. Èyí tí E. tenella ti wọ̀ á kún fún ẹ̀jẹ̀, tàbí ìdì kan tó le bíi wàràkàṣì. Láti 1970 tí Johnson àti Reid ti gbé ètò máàkì wọn jáde ni àwọn dókítà ẹran ti ń fún ìfun ní 0 dé 4: 0 kò ní nǹkan kan, 4 ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹ lè máa kọ máàkì yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta àti lọ́sẹ̀ kẹrin nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣòro, ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, lè bá yín wo ìgbẹ́ àti ìfun lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi.

Oògùn wá kàn. Amprolium ló wọ́pọ̀ jù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi: ó jọ fítámì B1 débi pé kòkòrò náà á gbé e mì ní ìrètí pé fítámì lòun ń jẹ, ebi B1 á sì pa á. Ẹ̀yin náà á rí i pé ẹni tó bá da fítámì tó ní B1 sínú omi kan náà ń bọ́ ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fi fítámì sílẹ̀ títí oògùn á fi parí; A àti K nìkan ló lè bá a rìn. Nínú àjàkálẹ̀, gíráàmù 0.24 ojúlówó amprolium ló ń lọ sí lítà omi kan. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun oní-20 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 1.2 ni sí lítà kan, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìyẹ̀fun yẹn kù sí gíráàmù 0.3 sí lítà kan fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí àrùn á fi padà wá ní ọjọ́ keje. Ṣíbí kì í ṣe ìwọ̀n. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù ni kí ẹ rà.

Toltrazuril oní-2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára jù ú lọ: mìlílítà kan sí lítà omi kan, ọjọ́ méjì léraléra, ó parí. Ó tún ń dé ara kòkòrò náà ní gbogbo ipò tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nínú ẹran. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ má sì ta tàbí pa adìyẹ jẹ kí iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ tó pé. Àwọn oògùn sulfa, tí sulfaquinoxaline ti wà nínú wọn láti 1948, ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ewu wọn wà nínú ooru. Ní ọjọ́ tí oòrùn mú, adìyẹ ń mumi ju ti àná lọ, nítorí náà ó ń mu oògùn ju ti àná lọ, sulfa sì lè ba kíndìnrín jẹ́, kó tún mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní ọjọ́ mẹ́ta, kí a fún wọn ní omi lásán ọjọ́ méjì, kí a tó tún lò ó ọjọ́ mẹ́ta.

Omi ni ẹ fi gbé oògùn fún wọn, torí adìyẹ tó ń ṣàìsàn á kọ oúnjẹ kó tó kọ omi. Ẹ mú omi kúrò fún wákàtí kan ní òwúrọ̀, kí ẹ tó gbé omi oògùn sílẹ̀. Kì í ṣe ní ọ̀sán gangan. Bíróílà 1,000 tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin máa ń mu tó 200 lítà lójúmọ́, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru. Ẹni tó po oògùn sínú 100 lítà, tó wá fi omi lásán kún un ní ọ̀sán, ti fún agbo rẹ̀ ní ààbọ̀ oògùn, kòkòrò tó bá sì la ààbọ̀ oògùn já ló ń bí ọmọ tí oògùn kò ní ràn mọ́.

Èyí tó wà nínú oúnjẹ yàtọ̀. Salinomycin, monensin àti maduramicin ni a fi ń dá kọ́ksì dúró kó tó pọ̀. Ẹ wo ara àpò oúnjẹ yín bóyá ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ó máa ń wà nínú sítátà, oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀, kó má sí nínú fíníṣà, oúnjẹ ìparí. Ẹni tó ń lọ oúnjẹ fúnra rẹ̀ nílò ìṣọ́ra gidi. Salinomycin oní-12 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 500 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ kílò 25 àgbàdo lílọ̀, kí ẹ tó da ìyẹn sínú èyí tó kù. Bí ẹ bá dà á sójú kan, adìyẹ kan á jẹ májèlé, igba á jẹ òfìfo. Ẹ má ṣe fi tiamulin wo àìsàn mímí nígbà tí monensin tàbí salinomycin bá wà nínú oúnjẹ: àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé, ẹsẹ̀ adìyẹ á rọ, wọ́n á sì kú. Oúnjẹ bíróílà tó ní wọn kò sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹṣin. Salinomycin kò dára fún tòlótòló pẹ̀lú.

Èso ìbẹ́pẹ, ewúro, dongóyárò, aáyù: mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Àwọn kan nínú wọn lè dín nǹkan kù nígbà tí kò tíì pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ewúro tí ẹ já lónìí kò korò tó ti àná, kò sí ìwọ̀n tó dúró, E. tenella kò sì ní dúró de ìdánwò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ẹ fi àgbo sílẹ̀.

Aràn ńkọ́? Níbi yìí ni mo ti rò pé owó ń ṣòfò. Aràn ńlá adìyẹ, Ascaridia galli, nílò ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ láti ìgbà tí adìyẹ bá ti gbé ẹyin rẹ̀ mì kó tó dàgbà tó sì ń yé ẹyin tirẹ̀. Bíróílà tí a ń tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí èérún pákó tuntun, kì í sábà pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí a ń fún un ní oògùn aràn lọ́sẹ̀ mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé èérún pákó agbo tó kọjá ni ẹ ṣì ń lò, tàbí pé adìyẹ ọdún ni, tó máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá. Kí aràn yẹn tó dàgbà, ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ inú ara ìfun, á sì ba irun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́. Nígbà tó bá gùn tán, tí ó lè ju sẹ̀ntímítà méje lọ, àkójọ wọn lè dí ìfun pa. Levamisole ń pa á. Piperazine náà ń pa á, àmọ́ kò ran aràn pẹlẹbẹ. Ẹ má retí ohun tí kò lè ṣe. Aràn pẹlẹbẹ nílò èèrà, yímíyímí tàbí eṣinṣin láti gbé e dé ọ̀dọ̀ adìyẹ, nítorí náà kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń sáré lábẹ́ èérún pákó kì í ṣe oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún adìyẹ yín.

Ohun kan wà tó ta ko èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn: a kò fẹ́ kí ilé wà láìní kọ́ksì rárá. Adìyẹ tó bá ń gbé díẹ̀díẹ̀ mì láti ìbẹ̀rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, ara rẹ̀ á sì dá a mọ̀ títí. Ọgbọ́n yìí kan náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ksì fi ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́: ẹyin kọ́ksì tó wà láàyè ni, tí a ń fọ́n sára òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tàbí sórí oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá lò ó kò gbọ́dọ̀ fi oògùn kọ́ksì sínú oúnjẹ wọn, torí oògùn á pa olùkọ́ náà. Ilẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ jù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹyin náà lè máa gbó. Ara tó mọ E. maxima kò mọ E. tenella, oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Fún bíróílà ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ní oko kékeré, mo ṣì fara mọ́ oògùn inú oúnjẹ, kí a máa yí i padà láti agbo dé agbo. Fún ẹni tó ń tọ́ wọn pẹ́, àjẹsára yẹ ní rírò.

Láàárín agbo méjì, Izal, Dẹ́tọ́ọ̀lù àti fọ́málínì kì í pa ẹyin kọ́ksì. Èèpo rẹ̀ nípọn jù fún wọn. Wọ́n wúlò fún bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì, ẹ máa lò wọ́n nítorí ìyẹn. Èyí tó ń pa ẹyin kọ́ksì ni ooru, gbígbẹ àti amóníà. Ẹ kó gbogbo èérún pákó jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé níbi tí òjò á ti gbé e padà. Ẹ ha ilẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrankanran, ẹ fi iná gáàsì jó ojú kọ́ńkéré àti ìdí ògiri, kí ilé sì ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà tí ẹ fi wọ ilé àwọn àgbà kò gbọ́dọ̀ wọ ilé òròmọdìyẹ, àpò oúnjẹ tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò pẹ̀lú. Kí ẹ tó da èérún tuntun sílẹ̀, ẹ gbé ìmumi sí àyè rẹ̀, ẹ bu omi kún un, kí ẹ padà wá wo abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.